Káàdì Pupa Abẹ́ Ẹsẹ̀ Àga

Kí ẹ tó bú ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ bú. Ìdí mi ńlá yìí ló kó wa sí i.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbálẹ̀ ní ibùdó iná kékeré kan, níbi tí ọmọ mi àti ẹnjiníà àgbà ti jọ ń dúró ní ìdí ẹ̀rọ. Àga tí mo fi ń sinmi níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Bí mo bá ti jókòó, àga á jó, èmi náà á jó. Ní kùtù òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ń nu ojú páńẹ́lì, pátákó irin tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná sí, àkísà mi kọ́ káàdì pupa kan, ó já bọ́ lára okùn rẹ̀. Mo ti gbàgbé awò ojú mi sílé. Mo wo káàdì, mo wo àga. Mo ká káàdì sí mẹ́rin, mo kì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú. Ìdí mi rọgbọ. Mo tiẹ̀ kọrin.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni iná jó Wáyà pa.

Wáyà ni à ń pe ọkùnrin tó ń tún ìlà iná ṣe, torí ó tín-ín-rín, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tánganran tó gbé bọ́sbà ró ló sán. Bọ́sbà ni irin gbọọrọ tí gbogbo iná ìlú ń gbà wọlé, tí ó sì ń gbà jáde. Ẹ̀ṣọ́ wà fún un nínú páńẹ́lì, ẹ̀rọ tó yẹ kó já gbogbo iná kí ojú tó ṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ò já nǹkan kan. Wáyà sì wà lábẹ́ irin.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú lọ, mo bá ẹnjiníà àgbà lórí eékún ní yàrá páńẹ́lì, ó dorí kọ abẹ́ tábìlì. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà. Mo tiẹ̀ bá a ṣe àmín.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọlọ́pàá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ ọmọ mi, wọ́n ní òun ló mú kí ẹ̀ṣọ́ má ṣiṣẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí.

Ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wá wádìí, obìnrin kúkurú kan ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó kó gbogbo wa jọ síwájú páńẹ́lì.

"Ọ̀gá ẹnjiníà, ẹ là á yé mi."

"Ẹ̀ṣọ́ ń ka iná tó wọlé, ó ń ka èyí tó jáde. Bí wọn ò bá dọ́gba, ó mọ̀ pé iná ń jò lórí irin, á já gbogbo rẹ̀. Àmọ́ irin péńpé méjì ló ń gbé àṣẹ rẹ̀ jáde lẹ́yìn páńẹ́lì. Ẹnìkan ti yọ méjèèjì. Iná kékeré iwájú ṣì ń tàn, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ti di ajá tí wọ́n dì lẹ́nu."

"Ta ló yọ wọ́n?"

"A kì í bá ológbò nídìí ẹran ká tún máa wá eku kiri." Ó nàka sí ọmọ mi.

"Irọ́ ni!" ni ọmọ mi dáhùn. "Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo dé láti ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá fúnra wọn ló ń bá mi ṣe iṣẹ́ mi nígbà tí mi ò sí. Ẹni tó bá yọ irin yẹn gbọ́dọ̀ so káàdì pupa mọ́ ojú páńẹ́lì. Mi ò rí káàdì kankan!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi lọ sí abẹ́ ẹsẹ̀ àga mi.

Obìnrin náà lọ sẹ́yìn páńẹ́lì, ó sì fìka kan ihò tí wọ́n ti yọ irin. "Eruku ti dì síbí. Kì í ṣe eruku ọjọ́ kan."

"Kó tó lọ fún ìsinmi ló ti yọ ọ́ nìyẹn," ni ẹnjiníà dáhùn kíá.

"Okùn tó já lójú páńẹ́lì yìí ńkọ́?"

"Okùn lásán ni."

Ó yíjú sí mi. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ń nu ojú rẹ̀. Kí ló ń so níbẹ̀?"

Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo gbé. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi gbé. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ nínú irin, ọwọ́ tí mo fi omi gbígbóná nà nígbà tó wà ní jòjòló.

"Ọmọ mi," mo wí fún ọlọ́pàá, "ṣé ẹnu ọ̀nà àtìmọ́lé yín fẹ̀? Ẹ ṣáà ń wo ìdí mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo dojú àga dé, mo sì yọ káàdì.

Obìnrin náà tú u, ó kà á sókè: "Ẹ̀ṣọ́ bọ́sbà ò ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ irin láìbi mí." Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí káàdì jẹ́ ọjọ́ méjìlá ṣáájú kí iná tó jó Wáyà. Ẹnjiníà àgbà ló fọwọ́ sí i.

Ẹnjiníà nawọ́ sí káàdì náà.

"Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ ti bá mi wò ó," ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Ìlà tuntun tí ẹ fà wá síbí, òdì lẹ so wáyà tí ẹ̀ṣọ́ fi ń ka iná rẹ̀. Ó ń ka ìjáde sí ìwọlé, ó wá ń já iná ìlú láìnídìí. Dípò kí ẹ jẹ́wọ́ fún àwọn ọ̀gá yín, ẹ dì í lẹ́nu. Ojú ń tì yín, ẹ ò sọ fún ọmọ yìí nígbà tó dé, ẹ fi káàdì ṣe ẹnu. Nígbà tí Wáyà kú, màmá sọ fún mi pé òun bá yín lórí eékún. Àdúrà kọ́. Káàdì tó lè tú yín fó lẹ ń wá. Ẹ ò rí i, ẹ wá fi ọmọ ọlọ́mọ dí i."

"Ká ní ìyá yìí ò já káàdì mi ni!" ni ọkùnrin náà figbe ta.

"Ká ní ẹ la ẹnu yín ni," obìnrin náà dá a lóhùn.

Wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi, wọ́n fi í sí ti ọ̀gá rẹ̀. Mo sáré dì mọ́ ọmọ mi. Kò dì mọ́ mi. Káàdì ló ń wò, ibi tí àpá ẹsẹ̀ àga tẹ̀ ẹ́ wọnú.

"Màmá," ló wí, "kí Wáyà tó jáde lọ sábẹ́ irin, ó bi mí pé ṣé ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní ó wà. Kí ni kí n lọ wí fún ìyàwó rẹ̀?"