Ẹ̀rọ Amúlétutù Inú Yàrá Ìyá Ọkọ Mi

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí bẹ́ẹ̀. Mi ò mutí. Mi ò sùn. Ọ̀sán gangan ni, ọjọ́ Ìsinmi, oòrùn ń ta lórí páànù. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ irọ́ ni mo fẹ́ pa, mi ò ní fi ọmọ mi kún un.

Ìlútítun la wà, lọ́dún 1969. Vincent, ọkọ mi, ń ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ agégẹdú kan. Ó kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù mọ́ ara yàrá amọ̀ ìyá rẹ̀. Ilé tuntun náà gbóná kọjá sísọ. Gbogbo ara Kẹ́mi, ọmọ wa tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ló sú nítorí ooru.

Ìyá Aníwúrà, ìyá ọkọ mi, kò mọ̀ pé ohun kan ń jẹ́ ooru. Òtútù ló ń mú un nígbà gbogbo. Tọ̀sán-tòru ni iná ń jó nínú yàrá rẹ̀, igi méjì tó forí kora, pupurú ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lórí pẹpẹ lókè iná, tó ń gba èéfín. Inú ọyẹ́ oṣù Kìíní ọdún náà ló kú.

Nínú ìdílé ọkọ mi, wọn kì í pa iná ìyá tó bá kú. Iná náà á máa jó títí gbogbo ọmọ rẹ̀ á fi wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á na ọwọ́ sí i, tí wọ́n á ní, "Ìyá, mo dé o." Ẹni tó bá dé kẹ́yìn ló ń pa á. Vincent ti yáná. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin méjèèjì ti yáná. Ó wá ku àbíkẹ́yìn, Lérè, tó wà lójú ogun. Oṣù mẹ́jọ ni a ò ti rí lẹ́tà rẹ̀.

Èmi kì í pe orúkọ yẹn. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Adúmáradán ni mo ń pè é, torí ó dúdú, ara rẹ̀ sì ń dán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Òun ló ru àpótí mi wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó ń pariwo ní ìta pé òkúta ni ìyàwó tuntun kó sínú ẹ̀.

Oṣù Kejì ni òyìnbó ilé-iṣẹ́ wọn fẹ́ padà sílùú rẹ̀. Ó ń ta ẹrù. Ẹ̀rọ amúlétutù méjì wà níbẹ̀, ńlá àti kékeré, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Benedict, ọmọ ìlú Ìkọ̀yà tó kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná ní Sapele, bá Vincent lọ wò wọ́n.

"Kékeré ni kẹ́ ẹ rà, ọ̀gá," ni Benedict wí. "Ńlá á ti pọ̀ jù fún yàrá kan. Inú yàrá á kàn máa rin ni."

"Ṣé mi ò tó ńlá rà ni?"

Ńlá náà ló rà, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Ẹ ò rí ayé!

Benedict yẹ gbogbo ilé wò. Yàrá ìyá nìkan ló yẹ fún ẹ̀rọ náà. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, oòrùn kì í ràn án, fèrèsé rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Àmọ́ iná ń jó níbẹ̀. Benedict ní òun ò ní àyè ju ọjọ́ yẹn lọ, òun ń padà sí Sapele láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mo bẹ ọkọ mi. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá Kẹ́mi, ẹ jẹ́ ká dúró de Adúmáradán."

"Àrìnkẹ́, ṣé o mọ̀ bóyá ó wà láàyè?"

Ó gbé garawa omi, ó dà á lé iná náà. Iná ké ṣàà. Eérú fò, ó bo gbogbo wa lójú. Inú bí mi débi pé mi ò se oúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ náà.

Benedict ki ẹ̀rọ bọ ojú fèrèsé, ó fi sìmẹ́ǹtì dí etí rẹ̀. Ó gé rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́, ó kàn án yí ilẹ̀kùn ká, kí òtútù má bàa ríbi sá gbà. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ má ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa yọ asẹ́ iwájú yìí fọ̀. Eruku ló máa ń gbà."

Mi ò ní purọ́, ó kọ́kọ́ dùn mọ́ wa láti máa sùn níbẹ̀. Ara Kẹ́mi jọ̀lọ̀ padà. Vincent ń pe ará àdúgbò wá dúró níwájú ẹ̀rọ, kí wọ́n lè kí i kú oríire.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ yọ asẹ́, eruku kọ́ ni mo bá. Eérú ni. Eérú igi, funfun, ó kúnná. Vincent ní èyí tó fò lọ́jọ́ tí òun paná ni. Mo fọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà kejì, eérú náà pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gbóòórùn pupurú lára rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń dáná, kò sí iná kankan nínú ilé wa.

Ọjọ́ Ìsinmi tí mo ń wí yìí, Vincent ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́. Vincent ló ti epo rẹ̀ mọ́ inú kọ́ńbọ́ọ̀dù. Mo gbé Kẹ́mi, mo wọ yàrá láti yọ asẹ́. Ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn mi. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín ló ń gba ihò ẹ̀rọ wọlé.

Mo na ọwọ́ sí asẹ́. Ẹ̀rọ náà fẹ́ atẹ́gùn sí mi lójú.

Kò dún. Kò gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n. Ó kàn ń fẹ́ ni, ó tutù wọ eegun. Mo yí padà, mo fa ilẹ̀kùn. Kò mira. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, èmi ò tì í. Mo wá ibi tí ìka lè gbà, kò sí. Rọ́bà Benedict dí gbogbo rẹ̀. Mo kígbe títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ. Ta ni yóò gbọ́? Ògiri nípọn, gbogbo àdúgbò sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kẹ́mi ń ké. Òtútù ń le sí i. Mo tú ìró mi, mo fi wé e. Mo ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ó dákẹ́. Kò mu ọmú. Ètè rẹ̀ tutù lára mi. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà, mi ò gbàdúrà kó ba ọ̀tá mi.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ nílẹ̀, níbi tí iná ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan ń fẹ́ná. Fùúù. Fùúù. Mi ò rí iná. Mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ó wúkọ́ bí arúgbó.

"Ta ló kù?"

"Ìyá, èmi ni. Àrìnkẹ́ ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Kẹ́mi yín nìyí."

Ó tún fẹ́ná. Fùúù.

"Ta ló kù?"

Mo bẹ̀rẹ̀ Orin Dáfídì, ìyókù pòórá lórí mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sunkún. Mo fi ẹ̀yìn gbá ilẹ̀kùn. Orí Kẹ́mi ti rọ̀ sí apá mi.

"Ta ló kù?"

Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sínú òkùnkùn yẹn. Mo ní, "Ìyá, èmi Lérè ni. Mo dé o."

Ọwọ́ kan di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ gbígbẹ ni, ó gbóná. Ó fọwọ́ pa àtẹ́lẹwọ́ mi títí, ó ń wá nǹkan níbẹ̀. Mi ò mí.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Pa iná."

Mo fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn mi. Inú oòrùn ni mo sáré sí, láìró ìró. Mo gbé Kẹ́mi sókè sí oòrùn, mo ń pe orúkọ rẹ̀. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sín, ó sì figbe ta.

Vincent dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí ilẹ̀kùn. "Ta ló ṣílẹ̀kùn yìí sílẹ̀?"

Mo sọ ohun gbogbo fún un, àfi orúkọ tí mo jẹ́. Ìyẹn ò ṣeé gbé jáde lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó sùn níbẹ̀ mọ́. A ti ilẹ̀kùn pa.

Ogun parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970. Oṣù Kẹta, ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà, Adúmáradán wọlé. Láàyè! Ó rù, ó ń tiro díẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ ò yí padà. Mo jó. Mo sunkún. Vincent dì mọ́ ọn lọ́rùn, kò fẹ́ tú u sílẹ̀.

A sọ fún un pé ìyá ti lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wá dìde. "Ẹ jẹ́ kí n lọ kí i. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún un pé mo dé."

Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó yí i, ó ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Vincent bá a tì í. Ilẹ̀kùn kò mira. Adúmáradán fi èjìká lé e láti tún tì í, etí rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kó tó gbé orí kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ fi sínú ibẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ìyá ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀. Ó ń pè é ní Lérè. Ẹni náà sì ń jẹ́."

"Ohùn ta lo gbọ́?" ni Vincent bi í.

Adúmáradán yíjú sí mi. Èmi nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu mi pa dé.

"Ohùn tìẹ ni, ìyàwó wa."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló bá mọ́tò tó ń lọ sí Òde-Ìrèlè lọ, láìjẹun. Kò tíì wọlé yẹn kí ìyá rẹ̀ títí di òní.