Àwòrán Tí Nimat Kò Yà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ti rí àwòrán rí tí kò sí ẹni tó yà á? Ẹ má fojú yẹ̀yẹ́ wò mí. Òótọ́ ni. Ilé tó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà ní Ìkòsí, wọ́n ń ta gáàsì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kì í ṣe òru. Ọ̀sán gangan ni, iná wà, fáànù ń yí.

Nimat ọmọ Agboyi ni. Iṣẹ́ fọ́tò ló ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìgbéyàwó. Àwọn ọmọ tó ń fi pákó gun ìgbì lókun ló ń yà, inú omi gan-an ló sì ti ń yà wọ́n. Á wọ bàtà rọ́bà tó dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, á dé fìlà rọ́bà pupa, á ki kámẹ́rà bọ àpótí tí omi kì í wọ̀, á dè é mọ́ ọrùn ọwọ́, á sì lúwẹ̀ẹ́ lọ síbi tí ìgbì ti ń ṣẹ́.

Wọ́n ní òfin láàárín ara wọn. Ọwọ́ kan sókè: yà mí. Ọwọ́ méjì: ẹ gbà mí. Òmíràn wà tí Nimat gbé láti Agboyi wá, torí bí àwọn apẹja ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá kẹ́yìn nínú omi ló ń ka orí kó tó jáde. Nimat ló máa ń kẹ́yìn.

Márùn-ún ni wọ́n tó wọ omi lọ́jọ́ Sátidé náà. Mẹ́rin ló bọ̀. Ọjọ́ kejì ni òkun tó gbé Àtàndá jáde, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ kan ṣoṣo tí Hàlímátù bí. Okùn tí wọ́n fi ń de pákó mọ́ ẹsẹ̀ ti wé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Kọ́ládé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yá a ní pákó," ni gbogbo ilé ń wí. "Okùn Kọ́ládé ló pa á."

Wọ́n bi Nimat. "Mo ka orí," ló fèsì. "Márùn-ún pé. Àfi bó bá tún padà sínú omi."

Wọ́n gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba ọmọ Agboyi gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ omi?

Ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà fídáù nílé ní Ìkòsí, Hàlímátù ní òun fẹ́ rí àwòrán ìkẹyìn ọmọ òun. Nimat kò fẹ́. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń kọ̀ fún abiyamọ? Ó fi wáyà so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Hàlímátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Akóredé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, wà lórí àga. Kọ́ládé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò ní kó jókòó.

"Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tèṣàn la máa parí ẹ̀," Akóredé sọ fún Kọ́ládé. "Kò sí ìgbì lọ́gbà ẹ̀wọ̀n."

"Daddy, mo bẹ̀ yín."

"Òkun ni kí o bẹ̀."

Àwòrán ń kọjá. Àtàndá lórí pákó, ó ń rẹ́rìn-ín. Hàlímátù náà ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà. "Ẹ wo eyín tó kán yẹn. Mo ní ká lọ tún un ṣe, ó ní òun lòun fi ń fa ọmọge."

Lẹ́yìn náà, Àtàndá nínú omi, ọwọ́ kan sókè.

"Ó ń kí wa," ni ìyá rẹ̀ wí.

Kọ́ládé sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọwọ́ òsì ni. Ọ̀tún tí okùn wé mọ́ kò hàn.

"Ó tán," ni Nimat wí kíá. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ló parí sí. Bó ṣe ya ìyẹn tán, ìgbì ńlá kan dìde lápá kejì, oòrùn tàn gba inú rẹ̀ bí ìgò, ó sì yíjú sí i. Kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Nígbà tó ń jáde, kò ka ẹnikẹ́ni.

Àwòrán mìíràn wọlé.

Obìnrin kan nínú omi, ó kẹ́yìn síni. Fìlà rọ́bà pupa wà lórí rẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà sójú.

Akóredé dìde lórí àga.

"Nimat, ìwọ kọ́ nìyẹn?" Akóredé bi í.

"Èmi ni, sà."

"Ta ló yà ọ́?"

"Mi ò mọ̀. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà. Kò kúrò lọ́wọ́ mi."

Àwòrán yí. Ẹnikẹ́ni kò tẹ nǹkan kan. Ẹ̀yìn kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti jìnnà díẹ̀. Òmíràn: ó jìnnà sí i, omi ti gba ìdajì àwòrán. Òmíràn: omi ti bo gbogbo rẹ̀, fìlà pupa náà wà lókè lọ́hùn-ún, ó kéré bí ẹyọ ata kan.

Nínú gbogbo rẹ̀, obìnrin náà kò yíjú.

Òórùn òkun gba pálọ̀. Kámẹ́rà tó ti gbẹ láti ọjọ́ yìí wá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán lára rẹ̀, tó, tó, sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Aunty, ẹ ní ẹ ka orí," ni Kọ́ládé wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ.

Nimat ń fi etí aṣọ nu kámẹ́rà.

Hàlímátù fi orúnkún rìn dé iwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dígí rẹ̀. "Àtàndá," ó pè é bí ẹni tó ń jí ọmọ fún iléèwé. "Ta ló fi ọ́ sílẹ̀?"

Tẹlifíṣọ̀n ṣú. Ìró omi ló kù, bí omi ṣe ń dún nígbà tó bá di èèyàn létí. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde, ohùn tí ìyá kò lè ṣì mú. Kò bínú rárá. Ó ń pè bí ẹni tó dá lójú pé ẹni tí òun ń pè máa tó bojú wẹ̀yìn.

"Aunty Nimat."