Èmi Ò Ní Ọkọ, Ọkọ̀ Ni Mo Ní

Àjẹ̀ ni Dúró kọ́kọ́ rí, àjẹ̀ gígùn tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi. Omi ọ̀sà ń kán lára rẹ̀ tó-tó-tó sórí tábìlì Dúró. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó rí ẹni tó gbé e léjìká: ọmọbìnrin dúdú kan tó ń dán bíi kóró iṣin, tó so ìborùn mọ́ ìbàdí, tí ojú rẹ̀ sì le koko. Dúró Olúsànyà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba kánsù nímọ̀ràn lórí ìlànà tuntun, gbàgbé ohun tó ń kọ lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí?" Ọmọbìnrin náà na ìwé ìkéde kan sí i.

"Èmi ni, àǹtí."

"Ẹ kà á sí mi létí."

Dúró kà á: "Kí gbogbo obìnrin tó bá ní ọkọ̀ mú un wá sí kánsù, kí a lè tẹ nọ́ńbà sí i lára."

"Ọkọ̀ kẹ̀? Níbo ni àmì wà lórí ẹ̀? Ẹ yọjú wo ìta."

Dúró yọjú lójú fèrèsé. Ọkùnrin mẹ́fà ló tò sínú oòrùn, ìyàwó kálukú dúró tì í. Ọ̀kan nínú wọn ti bọ́ bùbá, ó ń bi mẹ́séńjà bóyá àyà ni wọ́n máa tẹ nọ́ńbà ọ̀hún sí tàbí ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kánsù kò ní àmì òkè, kò ní tìsàlẹ̀. "Oko" ni Sìmbíátù atẹ̀wé tẹ̀ síbẹ̀, oníkálukú sì kà á bó ṣe yé e.

"Yéè!" ni Dúró wí.

"Láti Àjà ni mo ti ń bọ̀. Èmi ò ní ọkọ, ọkọ̀ ni mo ní. Mi ò lè rù ú wá síbí, ìyẹn ni mo ṣe gbé àjẹ̀ wá. Ẹ tẹ nọ́ńbà yín sí i kí n máa lọ."

Sìmbíátù bú sẹ́rìn-ín. Dúró fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀. Làtífátù, orúkọ ọmọbìnrin náà nìyẹn, pòṣé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan mì díẹ̀, Dúró sì rí i.

Lọ́sẹ̀ kejì, Dúró mú ìwé àti bírò lọ sí Àjà, kó lè bi àwọn ọlọ́kọ̀ léèrè kó tó kọ òmíràn. Ọkọ̀ Làtífátù ló wọ̀.

"Ọ̀gá Onílànà, ẹ di ìwé yín mú, kò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣòfin omi?" Ó rẹ́rìn-ín títí àjẹ̀ fi dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ìwádìí kì í gbé Dúró lọ sí Àjà. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, "ẹ" ti di "o", Làtífátù ti di Látì.

Ọ̀gá Odùkọ̀yà, akọ̀wé àgbà kánsù, ló wá kó wàhálà dé. Ó ti ìlà karùn-ún bọ inú ìlànà náà: orúkọ ọkùnrin tó jẹ́ olórí ilé nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Dúró kọ ìmọ̀ràn pé kò dára, fáìlì padà. Ó tún un kọ, ó padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bọ̀, pẹ̀lú bírò pupa: Ẹ tún un kọ. Nígbà karùn-ún, ọ̀gá ò tiẹ̀ ṣí i. Àmì ìdí ife tíì ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Làtífátù ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un kó tó kú. Bí ìlà karùn-ún bá dúró, orúkọ Kàsímù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ṣe olórí ilé látìgbà tí bàbá wọn ti darúgbó, ni wọ́n máa kọ, Kàsímù sì ti ń sọ káàkiri pé yanrìn lòun máa fi kó.

Ọ̀rọ̀ náà sú Dúró. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ wọn ń sún mọ́ èbúté, ó rò pé ọgbọ́n dé.

"Látì mi, jẹ́ ká tètè ṣègbéyàwó. Èmi á di olórí ilé, wọ́n á kọ orúkọ mi, ọkọ̀ á sì wà lọ́wọ́ rẹ bó ṣe wà."

Làtífátù wò ó títí. "Kàsímù fẹ́ fi ariwo gbà á. Ìwọ fẹ́ fi ìfẹ́ gbà á."

"Háà, Látì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo..."

"Sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi."

"Inú omi la wà!"

"Kò ju orúnkún lọ. Sọ̀ kalẹ̀."

Dúró fi ẹsẹ̀ rin omi dé èbúté, ó gbé bàtà lọ́wọ́, àwọn tó ń họ ìpẹ́ ẹja ń kí i kú ìwẹ̀.

Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Làtífátù ò fi wo ibi tó wà. Inú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló yé Dúró pé ìlà karùn-ún náà lòun wọ̀ láṣọ ìyàwó.

Ọjọ́ ìpàdé kánsù pé. Onímọ̀ràn kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá bi í. Alága bi í. Dúró dìde.

"Ẹ yọ ìlà karùn-ún, ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, Làtífátù, ará Àjà. Nítorí náà, ẹ má gbọ́ tẹnu mi nìkan. Àwọn obìnrin tó ni ọkọ̀ wà níta. Ẹ pè wọ́n."

Ọ̀gá Odùkọ̀yà di orí mú. "Ọmọ yìí á pa mí!"

Wọ́n pè wọ́n. Làtífátù ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. "Èmi ni mò ń dí i tó bá ń jò. Èmi ni mò ń wà á. Tó bá rì lọ́la, ṣé Kàsímù lẹ máa wá nínú omi?"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti yọ ìlà náà.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá gbé Dúró kúrò nídìí ìlànà, ó ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò gbọ́dọ̀ máa dámọ̀ràn lórí rẹ̀. Ìwé àṣẹ ajá, èyí tí kánsù ń fún ẹni tó bá ń sin ajá, ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹnì kan dúró níwájú tábìlì rẹ̀.

"Ajá yín ńkọ́?" ni Dúró wí láìgbójú sókè.

"Mi ò ní ajá. Ẹjọ́ ni mo bá wá." Làtífátù ni. Ìwé ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. "Ta ló ní kó o sọ fún gbogbo kánsù pé o fẹ́ fẹ́ mi? Láti Àjà dé Ìkátè ni wọ́n ti ń kí mi kú oríire. Ṣé o bi mí?"

"Mo bi ọ́ nínú ọkọ̀."

"O ò bi mí. Ibi tí wọ́n máa kọ orúkọ rẹ sí lò ń wá. Bi mí dáadáa."

Dúró dìde, ó ti fáìlì ajá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó ń fi ìwé mẹ́fà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan, gbólóhùn kan péré ló rí. "Làtífátù, ṣé wàá fẹ́ mi, kí tìẹ máa jẹ́ tìẹ?"

Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dáwọ́ dúró. Ọ̀gá Odùkọ̀yà kígbe láti yàrá inú: "Ta ló ní kẹ́ ẹ sinmi níbẹ̀ yẹn?"

"Ọ̀gá, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú kan, ẹ jọ̀ọ́!" ni Sìmbíátù dáhùn.

Làtífátù fi àtàǹpàkò nu yíǹkì kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ Dúró. "Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mú àwọn èèyàn rẹ wá bá bàbá mi. Má kọ nǹkan kan sílẹ̀ o. Bàbá mi fẹ́ kí wọ́n máa wo ojú òun sọ̀rọ̀."

"Ṣé ìyẹn ni pé o gbà?"

"Dúró, o ń dá mi lágara," ni ó wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin.