Ẹni Tó Wà Nínú Bẹ́líìtì

Gideon ti bọ́ bẹ́líìtì, ó ti lọ jẹun, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì náà kò fò lọ sókè.

Ó yẹ kó fò. Nínú eré Àjíǹde tí ìjọ Aládùúrà wa ń ṣe ní Igbotako, àpò yanrìn la fi ń gbé ẹni tó ń ṣe Jésù, Gideon lọ́dún yìí, gòkè re ọ̀run. Okùn kan ló so àpò àti bẹ́líìtì pọ̀, ó gba orí kẹ̀kẹ́ irin lókè àjà, ẹnìkan sì máa ń dì í mú nísàlẹ̀. Bí ènìyàn bá ti bọ́ sílẹ̀, àpò á já wálẹ̀, bẹ́líìtì á sì ròkè. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àpò dúró lókè. Bẹ́líìtì dúró ní déédéé ìbàdí mi, ó ń wú, ó ń rọ̀, bíi pé ẹnìkan ń mí nínú rẹ̀.

Búọ̀dá Benedict, tó kọ́ mi níṣẹ́ okùn, wọlé, ó rí i, ó dúró.

“Philemon, fi sílẹ̀,” ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Jẹ́ ká lọ.”

“Ta ló wà níbẹ̀?”

Ó sún sẹ́yìn.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní Ìrẹ̀lẹ̀, Desmond àbúrò mi, tó ń ṣe Jésù, já bọ́ láti òkè nínú bẹ́líìtì yìí, ó sì kú. Èmi ni mo ta kókó okùn. Búọ̀dá Benedict ló di okùn mú. Òun ló sọ fún mi pé kókó mi ló tú. Ó bá mi sunkún. Láti ìgbà náà, ìyá mi kì í gba omi lọ́wọ́ mi.

Mo di okùn mú. Ìwúwo náà rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́, bí ọmọ tó sùn.

“Ẹ̀yin náà, ẹ dì í mú.”

Ó kọ̀. Mo fi okùn lé e lọ́wọ́. Kíá ni bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ó ń fà sẹ́yìn, ó ń sá fún un bí ẹran tó rí ọ̀bẹ.

“Kókó rẹ kò tú,” ó sọ, kò wojú mi. “Fóònù mi ló dún. Mo yọ ọwọ́ kan kí n lè mú un jáde.”

“Ẹ sì jẹ́ kí n gbé ẹ̀bi náà fún ọdún mẹ́ta.”

“Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á tètè dárí jì ọ́.”

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni okùn yọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò lu pákó gbì, bẹ́líìtì òfìfo fò lọ sókè. Mo rò pé àbúrò mi ti lọ sinmi.

Búọ̀dá Benedict yíjú sí ẹnu ọ̀nà nínú sùtánà funfun rẹ̀, láìwọ bàtà. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ síwájú. Pákó ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bíi tẹni tó pọn àgbàlagbà. Ìgbà náà ni mo mọ ibi tí àbúrò mi lọ.

Mi ò pè é padà.