Ìyàwó Tíṣà Kì Í Ṣe Tíṣà

Ìjà ni Abdulqoyum gbé wá sí Takie lọ́jọ́ Sátidé náà, kì í ṣe ìfẹ́. Ó ká wáyà bàbà sínú láílọ́ọ̀nù, ojú rẹ̀ le, ó sì ti ń ro ẹjọ́ lẹ́nu láti inú ọkọ̀ tó gbé e wọ Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ẹ̀yin lẹ ta wáyà yìí fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá," ó ní, kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. "Wáyà náà ti kú."

Fèyíkẹ́mi gbé ojú sókè kúrò lórí fáànù tó ń tú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, òun nìkan sì ni obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ríwáíńdà ní gbogbo àdúgbò náà. Bí fáànù, jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìfami bá jóná, òun ni yóò tú wáyà tó ti dúdú nínú rẹ̀ dànù, tí yóò sì fi tuntun dì í. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà kó tó kú. Oníbàárà tó ń pariwo kì í ṣe nǹkan tuntun lójú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ó ní. "Ṣé òkú náà ní orúkọ?"

Ara ọkùnrin náà wálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀. Ẹ má bínú. Tíṣà ni mí l'Ọ́yọ̀ọ́, Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn SS2. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n bí òòfà ṣe ń mú iná mànàmáná jáde lára wáyà. Mo dì í ní ọ̀ọ́dúnrún ìgbà, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn iná, mo ti òòfà bọ àárín rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà kò mì. Ogójì ọmọ ló ń wò mí. Ọ̀kan tiẹ̀ ní, 'Sà, bóyá ká gbàdúrà sí i.'"

Fèyíkẹ́mi bú sẹ́rìn-ín. Ó gba kọ́ìlì náà, ìyẹn wáyà tí ọkùnrin náà dì, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ tó dì í mọ́, ó dì í bí ẹni tó ní sùúrù. Ó mú bíléèdì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹnu wáyà náà ní ìhín àti ní ọ̀hún.

"Wáyà wa máa ń wọ ẹ̀wù," ó ní. "Fáníìṣì ni wọ́n fi kùn ún lára kó má bàa máa kan ara rẹ̀. Àfi kí ẹ bọ́ ẹ̀wù náà lẹ́nu rẹ̀ méjèèjì kí iná tó rí ọ̀nà jáde. Ó yá, ẹ dán an wò."

Abdulqoyum yọ ẹ̀rọ kékeré náà nínú báàgì, ó so ó, ó ti òòfà bọ kọ́ìlì. Abẹ́rẹ́ fò. Ó fa òòfà padà, abẹ́rẹ́ tún fò sí apá kejì. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà bí ọmọdé tó rí nǹkan ìṣeré, àfi ìgbà tó rántí bí òun ṣe wọlé. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti rin gbingbin.

"Ẹ dárí jì mí, ọ̀gá mi. Ìwé ni mo kà, n kò ka wáyà."

Kò sí obìnrin tó lè rí irú èyí tí inú rẹ̀ kò ní yọ́ díẹ̀. Ti Fèyíkẹ́mi yọ́ ju díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn.

Ọjọ́ Sátidé ni Abdulqoyum máa ń wá kàwé kún ìwé ní yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti jáde ní kíláàsì, ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ló kàn. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò tún mọ ọ̀nà ilé mọ́ bí kò bá gba Takie. Ó máa ra sùyà ní Sábó, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á ní òun kàn ní kí òun kí ọ̀gá òun ni. Nígbà tó fi máa di Sátidé karùn-ún, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn.

Ọjọ́ kan ló bi í léèrè ìdí tí kò fi parí ìwé.

"SS2 ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú," Fèyíkẹ́mi ní. "Àbúrò méjì wà lẹ́yìn mi. Mo gbé bàtà ilé ìwé jù sábẹ́ ibùsùn, mo gbé irinṣẹ́. Orí òòfà àti wáyà yìí gan-an ni kíláàsì wa dé. N kò mọ ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí."

Abdulqoyum wò ó, gbogbo yẹ̀yẹ́ kúrò lójú rẹ̀. "Fèyí, jẹ́ ká jọ parí ẹ̀," ó ní. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Tọkàntọkàn ni mo fi nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Fèyíkẹ́mi sọ fún ìyá rẹ̀. Aládùúrà ni ìyá náà, aṣọ funfun rẹ̀ kì í wọ́n lára. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà, lẹ́yìn náà ó ní, "Mùsùlùmí tó bẹ̀rù Ọlọ́run kò burú. Ohun tí mo fẹ́ rí ni orúkọ tí àwọn èèyàn rẹ̀ máa pè ọ́."

Nígbà tó yá, Abdulqoyum bẹ Fèyíkẹ́mi pé kó wá kọ́ àwọn ọmọ SS2 l'Ọ́yọ̀ọ́. Fèyíkẹ́mi ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò tíì dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé. Abdulqoyum sọ fún wọn ketekete pé, "Ẹ kí Ọ̀gá Fèyíkẹ́mi. Ohun tí èmi ń sọ lẹ́nu, òun ló ń fi ọwọ́ ṣe é lójoojúmọ́."

Ó pín wáyà fún wọn, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ha ẹnu rẹ̀, ó jẹ́ kí gbogbo wọn ti òòfà bọ̀ ọ́. Ariwo sọ. Ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Haneefah bá nawọ́.

"Àńtí, òòfà ṣì wà nínú kọ́ìlì. Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ fi padà sí òdo?"

Fèyíkẹ́mi ronú díẹ̀. "Ṣé ẹ ní ọlọ nílé? Bí ata bá wà lórí ọlọ láti àárọ̀ di alẹ́, tí ọwọ́ kò lọ, tí ọwọ́ kò bọ̀, ṣé ata á kúnná?"

"Rárá o!"

"Òòfà tó bá jókòó jẹ́ẹ́ kò lè mú iná wá. Lílọ àti bíbọ̀ yẹn gan-an ni iná. Bó bá ṣe yá sí, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ á ṣe fò sí. Bí ìdì wáyà bá sì ṣe pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ náà ni."

Haneefah kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀, ata, ọlọ àti gbogbo ẹ̀. Ayọ̀ kún ọkàn Fèyíkẹ́mi débi pé kò mọ ìgbà tí aago lù.

Ilé ìyá Abdulqoyum ló kàn. Alhaja Ràmọ́tà ń ta aṣọ ní ọjà Akẹ̀sán, ó sì ti gúnyán dè wọ́n.

"Tíṣà wa dé! Káàbọ̀, ọmọ mi." Alhaja dì mọ́ ọn. "Abdulqoyum ti sọ fún mi pé Físíìsì ni ìwọ náà ń kọ́ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù wa ni mo ti sọ fún. Wọ́n ní tíṣà méjì nínú ilé kan, ìwé á ya wọlé!"

Fèyíkẹ́mi wo Abdulqoyum. Abdulqoyum ń wo ọbẹ̀.

Ó jẹ iyán náà, kò mọ adùn rẹ̀. Nígbà tó ń fọwọ́, Alhaja rí ìka rẹ̀ tí fáníìṣì ti dúdú sí. "Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ báyìí?"

Kí Fèyíkẹ́mi tó la ẹnu, Abdulqoyum ti dáhùn. "Kẹ́míkà láàbù ni, mà."

Ìdí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Fèyíkẹ́mi ti yíjú sí i.

"Fèyí, ọkàn mi, gbọ́ ná," Abdulqoyum ń bẹ̀. "Egungun méjì ni màmá mi ní láti gbé mì. Ọ̀kan, pé ọmọ Aládùúrà ni ọ́. Èkejì, pé o ò kàwé parí, iṣẹ́ ọwọ́ lò ń ṣe. Mo ní kí n kọ́kọ́ fún wọn ní ọ̀kan."

"Iṣẹ́ bàbá mi lo pè ní egungun." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Iṣẹ́ yẹn ló rán àbúrò mi méjèèjì níwèé, Qóyum. Níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé, ọ̀gá ni mí. Níwájú ìyá rẹ, o wá pa mí mọ́. Bí wọ́n bá máa kọ̀ mí, èmi gan-an ni kí wọ́n kọ̀. Bí wọ́n bá sì máa gbà mí, èmi náà ni kí wọ́n gbà. Tíṣà tí o mú wọlé lónìí yẹn, n kò mọ̀ ọ́n rí."

Ó wọ ọkọ̀. Ó sunkún dé Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin tó jókòó tì í ń na tíṣù sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì béèrè nǹkan kan.

Sátidé mẹ́ta kọjá. Abdulqoyum pè títí, Fèyíkẹ́mi kò gbé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ: ẹni tó bá bínú sí ẹni tó fẹ́ràn, ara rẹ̀ ló ń nà. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Bí ọ̀kadà bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, àyà rẹ̀ á já. Bó bá rí i pé kì í ṣe Abdulqoyum, á tún já.

Ní Sátidé kẹrin, iṣẹ́ kánjúkánjú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìfami ilé ìgbẹ̀bí kan ní Iresa ló jóná, àwọn aláboyún kò rí omi láti ìjẹta, awakọ̀ tó gbé e wá sì ń dúró. Irinwó ìdì ni kọ́ìlì náà ń fẹ́. Ẹ̀rọ tí Fèyíkẹ́mi fi ń yí wáyà ti pẹ́, nọ́ńbà ara rẹ̀ ti bàjẹ́, orí ló fi ń kà á. Bí òǹkà bá dà rú, àfi kó tú gbogbo rẹ̀, wáyà tí a bá sì tú, ẹ̀wù rẹ̀ á ti ya, kò wúlò mọ́. Wáyà ìwọ̀n yẹn tó kù ní ṣọ́ọ̀bù kò sì ju ti kọ́ìlì kan lọ. Gbogbo Takie mọ̀ ọ́n: bí ọwọ́ Fèyíkẹ́mi bá ń yí, tí ètè rẹ̀ ń mì, ẹ má kí i.

Ó ti dé ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàdínlógún nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ níbí o."

Alhaja Ràmọ́tà ni.

Ọmọ Yorùbá wo ni ìyá ọkọ á kí tí kò ní dáhùn? Òógùn bo Fèyíkẹ́mi. Ó rọra yọ́ kúrò lórí àpótí, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Méjìdínlógún. Mọ́kàndínlógún. Kò fọhùn.

Ìyá tó ń ta gílóòbù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sáré wọlé. "Ẹ má bínú, mà! Kì í ṣe àfojúdi, ó ń ka nǹkan ni."

Alhaja gbé ọwọ́ sókè. "Ẹni tó wà lórí ìrun kì í dáhùn kíkí," ó ní. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó yọ tèsùbáà rẹ̀, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Obìnrin méjì ń ka tiwọn nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ètè ń mì.

Nígbà tó pé irinwó, Fèyíkẹ́mi so wáyà, ó gé e, ó sì dorí kodò. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà."

"O mọ̀ pé èmi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ó bà mí gan-an, mà. Ṣùgbọ́n àwọn aláboyún ló ń dúró de omi."

Alhaja ká tèsùbáà rẹ̀ sọ́wọ́. "Lọ́jọ́ Àìkú, Abdulqoyum wọ àárín àsàlátù wa, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní irọ́ lòun pa fún mi. Ó ní ẹni tí òun fẹ́ kì í ṣe tíṣà, ríwáíńdà ni, obìnrin náà ló sì kọ́ òun ní ohun tí òun fi ń kọ́ ọmọ. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè. Mo bínú títí di àná. Mo ní obìnrin wo ló ń tú ẹ̀rọ? Lónìí ni mo ní kí n wá wo ohun tí ọmọ mi ń fi pamọ́ fún mi." Ó fi ìka kan kọ́ìlì tuntun náà. "Mo ti wò ó. Ẹni tí kò jẹ́ kí òǹkà rẹ̀ dà rú nítorí èmi, kò ní jẹ́ kí ilé ọmọ mi dà rú. Kí ni oríkì rẹ?"

"Àbẹ̀kẹ́, mà."

"Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó parọ́ náà wà ní ọ̀dìkejì títì. Mo ní kó dúró síbẹ̀. Èmi ti dárí jì í, àmọ́ kì í ṣe èmi nìkan ló ṣẹ̀. Ṣé kí n pè é, àbí kí n máa mú un padà s'Ọ́yọ̀ọ́?"

Fèyíkẹ́mi wo ìta. Abdulqoyum dúró sínú oòrùn gangan, ó ti rù, ó di báàgì ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Inú ṣì ń bí Fèyíkẹ́mi sí i. Ìfẹ́ náà sì wà níbẹ̀, kò tíì yẹsẹ̀ rárá.

"Qóyum!" òun fúnra rẹ̀ ló pè é.

Abdulqoyum sáré sọdá, ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a. "Fèyí mi, ọ̀gá mi, mo jẹ̀bi. Jọ̀ọ́, mo..."

"Ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀, a ṣì máa sọ ọ́," Fèyíkẹ́mi ní. "Màmá wa ti jókòó láti ọjọ́ yìí nínú ooru. Lọ ra omi tútù wá fún wọn."

Abdulqoyum wò ó, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì fi eré sí i, omijé lójú, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Ra ti ìyàwó mi mọ́ ọn o!" Alhaja pariwo tẹ̀lé e.