Ọmọbìnrin Orí Afárá

Ajá tí ó máa ń gbó bọ́ọ̀sì, tí ó máa ń gbó òjò, tí ó máa ń gbó òjìji ara rẹ̀, kò gbó rárá ní àárọ̀ tí Àsúmáù fà á wọ ilé Bàbá Ardéṣírì. Ó jókòó síwájú àga tí bàbá náà kú sí, ó gbójú sókè, ó ń wo ojú òkú náà bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Aunty, it's like ó ń gbọ́ nǹkan," ni Tẹniọlá, ọmọbìnrin ilé ìsàlẹ̀ tí ó ni ajá tí wọ́n ń pè ní Bísíkíìtì, sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mi ò like ẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń cross road tí ẹ bá rí Bísíkíìtì!"

"Jẹ́ kó wò wọ́n dáadáa," ni Àsúmáù wí. "Mo ti ṣèlérí fún wọn."

Ìlérí náà ti pẹ́. Nígbà tí Àsúmáù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìwó dé Peckham, tòun ti oyún nínú, kò ní aṣọ òtútù kankan. Bàbá ará Ìráànì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kangun sí tirẹ̀ ni ó gbé kóòtù pupa ìyàwó rẹ̀ tó ti ṣaláìsí wá fún un. Nígbà tí ó bí Nasir, tí ọmọ náà tó lọ sílé-ìwé, bàbá yìí ni ó ń fà á lọ́wọ́ nínú yìnyín, tí wọ́n á gba orí afárá tí ó so ilé wọn pọ̀ mọ́ ilé kejì. Àsúmáù á dúró lójú fèrèsé, á máa wò wọ́n títí wọ́n á fi kọjá. Ayé ìgbà náà dùn, ó dùn jọjọ. Káńsù ti wó afárá yẹn tipẹ́, Nasir náà sì ti di bàbá ọmọ ní Bermondsey.

Bàbá Ardéṣírì kì í purọ́. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù tí ó ń gbá fún Nasir fọ́ fèrèsé Àsúmáù, tí ẹnikẹ́ni kò rí i, òun fúnra rẹ̀ ni ó wá kanlẹ̀kùn jẹ́wọ́. Ìrẹsì tí Àsúmáù kọ́kọ́ sè fún un ńkọ́? Ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù, ojú àlejò ni ó sì ti sọ ọ́. Òtítọ́ korò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti bàbá yìí kọjá ewúro. Àsúmáù bínú títí ó fi rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀sìn wa, tí ó ti wà ní Ìráànì kí Ìsìláàmù tó débẹ̀, kò gùn," bàbá á wí. "Èrò rere, ọ̀rọ̀ rere, ìṣe rere. Ẹni tí ó bá di òtítọ́ mú ni olódodo. Bí ó bá kú, ẹ̀mí rẹ̀ á ṣì wà nílé títí di ìdájí ọjọ́ kẹrin. Atẹ́gùn olóòórùn dídùn á wá fẹ́, ọmọbìnrin kan á sì pàdé rẹ̀ lórí afárá. Ìwà òkú náà ni ọmọbìnrin yẹn. Bí ìwà bá burú, ojú rẹ̀ kò ní ṣeé wò, afárá á sì tín-ín-rín bí ojú abẹ."

"Ìwà lẹwà, àwọn àgbà wa náà wí bẹ́ẹ̀," Àsúmáù á fèsì. "Àwa Mùsùlùmí náà ní afárá tiwa, Sírátì, àmọ́ kò sí ọmọbìnrin kankan níbẹ̀."

"Ó lè jẹ́ pé ẹ ò tíì débẹ̀ ni."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni bàbá bẹ̀ ẹ́ pé bí òun bá kú, kí ajá wo ojú òun kí wọ́n tó gbé òun lọ, kí iná má sì kú nílé òun títí di ìdájí náà. Ó ní ohun búburú kì í sún mọ́ ibi tí ojú ajá bá wà. Bí ajá kò bá wo òun, ẹ̀rù ń ba òun pé òun lè má rí afárá náà gbà. Ajá kẹ̀! Àsúmáù tí ajá bá fẹnu kan aṣọ rẹ̀, ìgbà méje ni yóò fọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ó ní òun gbọ́.

Ojú Bísíkíìtì ń ṣepin láàárọ̀ ọjọ́ tí ó wá wo òkú náà. Ẹ̀rù ba Àsúmáù pé bóyá kò ríran tó, ó bá fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú ajá náà mọ́. Ẹkún wá gbọ̀n ọ́n. Etí ìborùn kan náà ni ó fi nu omijé ara rẹ̀, láìronú. Ìgbà náà ni ó rántí ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń sọ ní Ìwó, pé ẹni tí ó bá fi ipin ajá sójú, ohun tí ajá ń rí ni yóò máa rí. Ó sáré lọ bọ́jú, ó ju ìborùn náà sínú ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé bàbá lọ.

Ó tọ́jú iná náà fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì rí nǹkan àjèjì kan. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, ó kírun àsùbáà tán, ó jáde láti lọ wo àtùpà. Òtútù ń bẹ níta, ṣùgbọ́n òórùn òdòdó gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú òórùn ilẹ̀ Ìwó nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ajá Tẹniọlá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà bàbá. Níwájú wọn, afárá tí káńsù wó ti padà sí àyè rẹ̀, ó fẹ̀ tó ibi tí bọ́ọ̀sì lè gbà.

Bàbá Ardéṣírì dúró lórí rẹ̀ láìsí ọ̀pá tí ó máa ń fi rìn. Ọmọbìnrin kan ń bọ̀ wá bá a, ó wọ kóòtù pupa, ìbọ̀wọ́ kékeré tí Nasir ń wọ̀ nígbà èwe rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni ọ́?" bàbá béèrè. "Mi ò rí arẹwà báyìí rí."

"Ẹ mọ̀ mí," ni ọmọbìnrin náà dáhùn. "Èmi ni fèrèsé tí ẹ wá jẹ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni ọwọ́ ọmọ tí ẹ dì mú nínú yìnyín."

Ó fà á lọ́wọ́. Àsúmáù dúró, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi kọjá, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe láyé ìgbà yẹn. Inú rẹ̀ dùn, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ajá náà wá yí orí padà. Kò wo afárá mọ́, ilẹ̀kùn Àsúmáù ni ó ń wò.

Obìnrin kan dúró níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn. Ibì kan lára aṣọ rẹ̀ ń dán, ibì kan ti fàya. Ìborùn tí Àsúmáù jù sínú ìdọ̀tí ni ó wé sórí, ó mọ́ tónítóní. Àsúmáù dá a mọ̀: ìwà tirẹ̀ ni. Ajá kò gbó, bẹ́ẹ̀ ni kò ju ìrù. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Má tíì yíjú," ni Àsúmáù sọ.

Obìnrin náà dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí i níbẹ̀ mọ́, kò sì sí afárá.

Láti ìgbà náà, Àsúmáù kì í sá fún ajá mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn tí ó bá ti ọjà dé, òórùn òdòdó á kí i lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ mìíràn, kò ní gbóòórùn kankan. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọlẹ̀kùn, á kọ́kọ́ dúró, á sì bẹ̀bẹ̀ jẹ́jẹ́:

"Jọ̀ọ́, má tíì yíjú."