Ojú Tó Di Ejò

"Vosale, kí lẹ ń pe èyí?" Àǹtí Leipakoa fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà lórí ẹní láàárín wọn.

Olùkọ́ èdè ni Leipakoa. Bó bá rí i pé èdè wa dá dúró, wọn yóò fi í tẹ ìwé fún àwọn ọmọ wa kékeré.

Vosale mọ̀ ọ́n. Lédè tiwa, ẹni tó bá fẹ́ pe ojú gbọ́dọ̀ yọ ahọ́n síta, kó fi kan ètè òkè, kó tó wí pé "mata". Bó bá jẹ́ ètè nìkan ló pa pọ̀, ejò ló pè yẹn. Àwọn ará òdìkejì omi ti gbàgbé ti ahọ́n ní tiwọn. Ọ̀kan náà ni ojú àti ejò lẹ́nu wọn. Ìyá àgbà ló yẹ kó sọ ọ́, àmọ́ rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn rẹ̀, la bá ní kí Vosale, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ kọ́ èdè, sọ ọ́.

Melika, ọ̀rẹ́ Vosale láti ilé-ìwé ìlú, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ó yá o, ìyá ewúrẹ́! Lá ètè rẹ ká rí i!"

Ìtìjú mú Vosale. Ó pa ètè pọ̀, ó ní, "Mata." Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù.

Lọ́jọ́ Sátidé, a pé jọ sí ilé ìpàdé.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà," Leipakoa wí. "Mo rò pé ọmọ ìyá ni èdè yín àti ti òdìkejì. Àṣé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìwé tiwọn lẹ máa lò."

Háà! Ẹnu yà wá. Ó tan ẹ̀rọ náà, a sì gbọ́ Vosale tó ń sọ pé ejò òun méjèèjì ń dun òun.

"Yéè! Ejò méjì wà lórí ẹ̀!" ọmọdé kan pariwo. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ọmọ wa ló ń sọ ìsọkúsọ yìí?" Baálẹ̀ Molisa bi wá.

Ìyá àgbà yọ ahọ́n, ó fi kan ètè òkè. Èémí lásán ló jáde.

Vosale bú sẹ́kún. "Èmi ni mo yí i o! Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni!" Níwájú gbogbo wa, ó yọ ahọ́n, ó pe ojú bó ṣe yẹ.

Leipakoa fò dìde. "Kí ni mo gbọ́ yìí? Tún un sọ! Èdè ọ̀tọ̀ mà ni!"

Inú wa dùn. Lójú ẹsẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ó ń nawọ́ sí nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, Vosale ń dáhùn. Ìgbà tó kan ìkarahun òkun pupa kan, Vosale mi orí pé òun kò mọ̀ ọ́n. Àwa àgbà náà wo ara wa, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. La bá yíjú sí Ìyá àgbà. Ó mọ̀ ọ́n. Ahọ́n rẹ̀ tún lọ bá ètè, omijé ń dà lójú rẹ̀, ohùn kò jáde.

Wọ́n tẹ ìwé wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòrán ìkarahun náà kò ní orúkọ lábẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ tètè bi àgbà léèrè nígbà tí ohùn ṣì wà lẹ́nu wọn. Ẹni tó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní bá yín wá ọ̀rọ̀ tó bá sọnù.